ÀÌSÀN NÍ ÀJÒ ÀTI OÒGÙN ILẸ̀ ÀJÒ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá àìsàn, tí ó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kò yọ ilé kankan sílẹ̀ láàrin wa. Kò sí ẹni tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìwó tàbí Ìjẹ̀bú wá sí Kano, Kaduna, Jos tàbí Maiduguri tí àìsàn kò ṣe rí. Ọjọ́ tí ara bá gbóná gan-an ni a máa ń mọ̀ pé àjò ni a wà. Ìyá tí ń se àgbo fún wa kò sí nítòsí. Ewé tí a fẹ́ rà, a kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Àwọn aládùúgbò á sì máa wọlé, kálukú pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Ọ̀kan gbé kúnú tsamiya wá. Èkejì ní kí a bọ dongóyárò. Ẹ̀kẹta ní kí a ránṣẹ́ sí wanzami kí ó fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ búburú dànù. Ẹ̀kẹrin ní mállàm kan wà tí rubutu rẹ̀ kì í tàsé. Àwọn ará ilé náà á ránṣẹ́ láti ilé pé kí a má fẹnu kan nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé àgbo ń bọ̀ nínú mọ́tò ọ̀la.

Kí ni kí Mùsùlùmí ṣe láàrin gbogbo ìwọ̀nyí? Ìdáhùn wa kò gùn. Kí á yé bèèrè ìlú tí oògùn ti wá. Ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí á máa bèèrè. Èyí tí ìmọ̀ bá tì lẹ́yìn, tí Sharia kò sì kọ̀, tiwa ni, bí ó tilẹ̀ ti ọwọ́ ẹ̀yà mìíràn wá. Èyí tí ìmọ̀ bá sọ pé ó ń pani lára, kì í ṣe tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa.

ÀWỌN SÀHÁBÀ NÁÀ ṢÀÌSÀN LÁJÒ

Nígbà tí Ànábì ṣí kúrò ní Makkah lọ sí Madinah ní ọdún 622, ilẹ̀ Madinah kò kọ́kọ́ bá àwọn tí wọ́n bá a ṣí lára mu. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aishah pé ibà ibẹ̀ mú bàbá rẹ̀, Abu Bakr, ó sì mú Bilal. Nígbà tí ibà náà bá fi Bilal lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀, a máa gbé ohùn sókè, a máa rántí àfonífojì Makkah, koríko ibẹ̀, omi ibẹ̀ àti òkè ibẹ̀. Ẹ wo bí àárò ilé ti ń mú aláìsàn, àní aláìsàn tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó ti Bilal.

Kí ni Ànábì wá ṣe? Kò ní kí wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé. Kò sì sọ̀rọ̀ Madinah ní búburú. Ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn Madinah bí wọ́n ti fẹ́ràn Makkah tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ó sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ alálàáfíà, kí Ó bùkún òṣùwọ̀n oúnjẹ ibẹ̀, kí Ó sì gbé ibà náà kúrò níbẹ̀ lọ sí Juhfah.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí fún àwa tí a fi ilẹ̀ Hausa ṣe ibùjókòó. Àìsàn lájò kì í ṣe àmì pé ilẹ̀ àjò kọ̀ wá. Kì í sì í ṣe àmì pé ẹnìkan ní ilé ló fi ránṣẹ́. A mọ àwọn ilé tí ó jẹ́ pé bí ara bá ti gbóná báyìí, orúkọ ìyàwó bàbá àti orúkọ ẹni tí a jọ ń ta ọjà ni wọn yóò kọ́kọ́ dá, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀fọn tàbí omi tí a mu. Abu Bakr ṣàìsàn ní Madinah, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí á wá ìwòsàn. Usamah ọmọ Sharik gbà á wá pé àwọn ará oko wá bi Ànábì bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn. Ó dáhùn pé kí wọ́n tọ́jú ara wọn, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Abu Dawud sì gbà á wá pé nígbà tí Sa'd ọmọ Abu Waqqas ṣàìsàn, Ànábì júwe Harith ọmọ Kaladah fún un. Ará Thaqif ní Taif ni Harith í ṣe. Kì í ṣe ará ilé Sa'd, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ohun tí Ànábì sọ nípa rẹ̀ kò ju pé ó mọ iṣẹ́ ìwòsàn lọ.

ỌGBỌ́N ỌLỌ́GBỌ́N

Àwọn àgbà wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀pọ̀ ohun rere ni a bá lọ́wọ́ àwọn tí a bá nílẹ̀ níbí. Zogale, tí àwọn kan ní ilé ń pè ní ewé ìgbálẹ̀, ewé tí ó ń fún ara lókun ni. Obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ọmọ tí ó rù yóò jẹ ẹ́ ní àjẹgbádùn. Kúnú tsamiya máa ń wọ ọ̀fun aláìsàn tí kò lè jẹ ẹ̀bà. Habatu Sawda àti oyin, àwa náà mọ̀ wọ́n nínú ẹ̀sìn wa: Ọlọ́hun fi yé wa nínú Suuratu Nahl pé ìwòsàn wà nínú ohun tí ń jáde láti inú ikùn oyin, Ànábì sì yin Habatu Sawda nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ìyá fi èyí sọ́kàn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ ọwọ́ kò tíì ní agbára láti borí.

Dongóyárò tí gbogbo wa ń bọ nílé lóko, àlejò ni òun náà ní ilẹ̀ yìí. Láti Índíà ni wọ́n ti mú un wá. Lónìí, kò sí Hausa, kò sí Yorùbá tí kò rò pé igi àbáláyé òun ni. Bí igi ti ń ṣí láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ṣe ń ṣí. Àmọ́ kí á ṣọ́ra níbẹ̀ náà. Omi dongóyárò kì í ṣe ìdí tí a ó fi fi oògùn ibà sílẹ̀, òróró inú èso rẹ̀ sì lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá tí a bá fi sí i lẹ́nu.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé a ń tàbùkù ewé ni? Rárá o. Oògùn ibà tí ó dára jù lọ lónìí, inú ewé ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, Tu Youyou, ka ìwé oògùn àtijọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, èyí tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún. Ó rí ewé kan tí wọ́n fi ń wo ibà nínú rẹ̀. Kò sọ pé nígbà tí ó jẹ́ ti àwọn baba òun, ó ti tó. Ó dán an wò, ó wọ̀n ọ́n, ó yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní ọdún 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn tí ó ti inú ewé yẹn wá rọ́pò chloroquine fún ìtọ́jú ibà. Ewé ni, ṣùgbọ́n ewé tí ó ní ìmọ̀ lẹ́yìn ni.

ÈYÍ TÍ Ó YẸ KÍ Á KỌ̀

Bí a bá máa sòótọ́, ilé wa ni kí á ti kọ́kọ́ gbálẹ̀. Tí gìrì bá gbé ọmọ, àwọn kan nínú wa ṣì ń fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Àwọn kan ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, wọ́n ń fi ata sí i lójú kí ó lè ta jí. Àwọn dókítà ilẹ̀ Yorùbá fúnra wọn ti yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù yìí wò láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n rí i pé ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ó sì ń mú kí èémí rẹ̀ dákẹ́. Ọmọ tí ibà ì bá fi sílẹ̀, àgbo ni yóò mú un lọ. Èyí kì í ṣe oògùn Hausa o. Tiwa ni, a sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Muslim gbà á wá pé ọkùnrin kan sọ fún Ànábì pé nítorí oògùn ni òun ṣe ń ṣe ọtí, Ànábì sì fún un lésì pé àrùn ni, kì í ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn.

Ní ti àwọn aládùúgbò wa, àwọn ìyàwó wa tí wọ́n bímọ níbí mọ wankan jego dáadáa. Omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó ni wọ́n ń fi ewé bù, tí wọ́n ń fi na ara ìyálọ́mọ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ogójì ọjọ́. Wọ́n tún ń fún un ní kúnú tí ó kún fún káún. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ má ṣe gàn wọ́n. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ọkàn tí ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ pọ̀ ládùúgbò náà, wọ́n sì fura sí káún àti ooru yìí. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí lẹ́yìn wọn kò gbà pé àwọn nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dájú ni pé omi gbígbóná ń bó ara ìyálọ́mọ, àti pé iyọ̀ inú káún kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó. Tí ẹsẹ̀ ìyálọ́mọ bá wú, tí kò lè mí dáadáa nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kúnú mìíràn.

Wanzami, ẹni tí à bá pè ní olóólà ní ilé, máa ń gé bèlúbèlú ọmọ tí ọ̀fun ń dùn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè máa dà láìdá, abẹ tí a kò sè sì lè kó àrùn ipá ràn án. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ìwo tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀, hijaama, wà nínú sunnah, ṣùgbọ́n abẹ kan náà tí ó kan ara ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ kan ara ẹlòmíràn. Tìróò tí wọ́n bá fi òkúta òjé lọ̀, tí àwa àti àwọn jọ ń lé sójú ọmọ, májèlé wà nínú rẹ̀ fún ọpọlọ ọmọ náà. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí a kà yìí, ti wa wà níbẹ̀, ti wọn wà níbẹ̀, ti àjùmọ̀ní sì wà níbẹ̀.

ÀÌSÀN TÍ ILÉ KÒ MỌ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kàwé. Àìsàn kan wà ní apá òkè ọya tí kì í wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ igbó tí a ti wá. Àwọn Hausa ń pè é ní sankarau, àwa ń pè é ní yírùnyírùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń jà, láti oṣù Kejìlá títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, nígbà tí eruku bá gbalẹ̀ tí ènìyàn mẹ́jọ sì ń sùn sí yàrá kan. Ní ọdún 1996, àìsàn yìí mú ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa ju 11,000 lọ nínú wọn. Ìhà òkè ọya níbí ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ jọ ibà: ara gbígbóná, orí fífọ́, èébì. Ìdí nìyí tí ó fi ń tan àwa tí a ti ilé wá jẹ. A ó ní ibà ni, a ó gbé àgbo ka iná. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, a ó pààrọ̀ ewé. Àwọn àgbà a máa wí pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Ọ̀rọ̀ yẹn dára fún àìsàn tí ń fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n yírùnyírùn kì í dúró de ewé tí ó kù. Láàrin ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì ó lè pa aláìsàn, ẹni tí ó bá sì yè é lè di adití.

Àmì rẹ̀ nìyí: ọrùn yóò gan débi pé aláìsàn kò lè fi àgbọ̀n kan àyà, ìmọ́lẹ̀ yóò máa pa á lójú, orí yóò máa fọ́ ọ kọjá ti ìgbàkigbà. Ní ti ọmọ ọwọ́, àwùjẹ rẹ̀ lè wú sókè, kò ní fẹ́ mu ọmú, igbe rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọ́dọ̀ dúró de àgbo, kò gbọ́dọ̀ dúró de rubutu, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ tí ó lọ sọ́jà. Kí ó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, òru tàbí ọ̀sán. Kí a má sì ṣe gbé e sínú mọ́tò òru pé ilé ni a ń gbé e lọ. Ọlọ́hun ti fi yé wa ní ìparí Suuratu Luqman pé kò sí ẹ̀mí tí ó mọ ilẹ̀ tí òun yóò kú sí. Bí a bá sáré gbé aláìsàn lọ sílé, a kò sá fún ikú. Ìwòsàn tí ó wà nítòsí ni a sá fún.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní èyí tí ń dènà oríṣi márùn-ún nínú kòkòrò yírùnyírùn. Nígbà tí wọ́n bá mú un dé àdúgbò yín, ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

ÀDÚRÀ KÒ LÉ OÒGÙN

Àwọn kan yóò sọ pé Al-Kuraani ti tó. Òótọ́ ni pé ìwòsàn ni Al-Kuraani. Bukhari gbà á wá pé àwọn sàhábà kan tí wọ́n wà lójú ìrìn-àjò ka Fatiha sí olórí ìlú kan tí àkeekèé ta, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà tí ó fọwọ́ sí èyí ni ó ní kí á lo oògùn, tí ó júwe Harith, tí ó sì ní kí ẹni tí ó bá wà ní ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ má jáde, kí ẹni tí ó wà níta má sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí Umar yí padà lójú ọ̀nà Shaam nítorí irú àrùn bẹ́ẹ̀, tí Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún, Umar dáhùn pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ibà kádàrá ni, oògùn kádàrá ni.

Hàntú tí a fọ láti ara wàláà, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà á, àwọn kan kò fẹ́ ẹ. Ẹni tí yóò mu ún, kí ó rí i pé omi rẹ̀ mọ́ àti pé tàdáwà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ń pani lára. Àmọ́ tírà tí a so mọ́ ọmọ lọ́rùn, tí a fọkàn tán ju Ọlọ́hun lọ, ẹbọ ni. Ẹni tí ó bá sì sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn láìmọ iṣẹ́ náà, Ànábì ti fi yé wa pé ẹrù ohun tí ó bá bàjẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin àáfà wa àti ẹ̀yin ìyá àgbà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí bà wá lẹ́rù.

OJÚṢE WA GẸ́GẸ́ BÍ ẸGBẸ́

Èkíní, bí aláìsàn bá dé iwájú dókítà, kí á sọ gbogbo ohun tí ó ti mu, ìbáà jẹ́ àgbo, ìbáà jẹ́ rubutu. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àgbo àti oògùn òyìnbó lè bá ara wọn jà nínú ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín.

Èkejì, tí ara bá gbóná, kí á jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí á tó ra oògùn ibà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ilé mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà tí kò ga jù etí ṣíbí lọ, àti ìdajì ṣíbí kan náà iyọ̀. Kí ìyá má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Tí àárẹ̀ bá pọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀kẹrin, kí á máa bẹ ara wa wò. Ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí lórí Mùsùlùmí ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí ó ń dá gbé yàrá, tí kò gbọ́ Hausa, ta ni yóò bá a bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀? Ta ni yóò fún un lẹ́jẹ̀? Àwa ni. Ẹni tí ó gbọ́ èdè nínú wa, kí ó fi èdè rẹ̀ ṣe sàráà. Kí á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tí ó gbé kúnú wá, kódà bí a kò bá lè mu ún. Ẹsẹ̀ tí ó gbé wá sọ́dọ̀ wa, ìwòsàn wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àkéte àìsàn lájò lónìí, ẹ tújú ká. Abu Musa gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì pé bí ẹrú Ọlọ́hun bá ṣàìsàn tàbí tí ó bá wà ní ìrìn-àjò, Ọlọ́hun yóò máa kọ fún un irú iṣẹ́ rere tí ó máa ń ṣe nígbà tí ó wà nílé pẹ̀lú ara líle. Méjèèjì ni ẹ̀yin ní. Kìrun tí ẹ kò lè dìde kí, àsáàmù tí ẹ kò lè gbà, tí ó ti jẹ́ ìṣe yín tẹ́lẹ̀, kò sọnù.

Ọlọ́hun, jẹ́ kí á fẹ́ràn ibi tí O gbé wa sí bí a ti fẹ́ràn ilé wa. Sọ ọ́ di ilẹ̀ alálàáfíà fún wa àti fún àwọn tí a bá níbẹ̀. Fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní ku àrùn kan sẹ́yìn. Kẹ́ àwọn tí wọ́n ti lọ, tí a sin sí ilẹ̀ yìí jìnnà sí ilé baba wọn. Fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí O sì gbà wá lọ́wọ́ àìmọ̀kan tí ń pani. Àmín.